Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹ Jẹ́ Kí Á Ya Fọ́tò Àwọn Àgbà Wa

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí á bá ara wa sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa níhìn-ín kú. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìwé ìsìnkú, a wá fọ́tò rẹ̀ títí. Èyí tí a rí níkẹyìn ni pásípọ́ọ̀tù kékeré kan tí ó lẹ̀ mọ́ ara fọ́ọ̀mù. Wọ́n bá wa sọ ọ́ di ńlá, ṣùgbọ́n ojú náà ṣú, kò sí gèlè, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré wò ó, ó ní, “Ṣé Màmá nìyí?” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra.

Kì í ṣe pé onífọ́tò wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991, ìwé ìjọba kì í gbẹ́yìn lọ́wọ́ wa, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sì máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n kí á lè dá ènìyàn mọ̀ ni ti pásípọ́ọ̀tù. Kò sọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wádìí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé African Arts ní 1978. Ó rí i pé àgbà a máa jókòó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, aṣọ ńlá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Iyì rẹ̀ ni wọ́n ń yà.

Ó tún rí ohun ìyanu kan. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, ọmọ náà a wọ aṣọ ọkùnrin, wọn a yà á. A tún wọ ti obìnrin, wọn a tún yà á. Ní ilé mìíràn, fọ́tò yìí ni ó gba ipò ère ìbejì.

Ẹ má sọ pé fóònù wà. Bí olè bá jí i, fọ́tò bá a lọ. Ìmọ̀ràn wa nìyí:

Ẹ jẹ́ kí àgbà náà fúnra rẹ̀ yan aṣọ tí yóò wọ̀.

Ẹ gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí abẹ́ ibòji. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa fi òjìji bo ojú.

Kí ẹni tí ń yà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí kámẹ́rà má bàa wo àgbà láti òkè. Kí ó má sì súnmọ́ ọn jù, nítorí ìyẹn a máa mú kí imú tóbi ju bí ó ti rí lọ.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ̀dà méjì: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan nílé. Ẹ kọ orúkọ, oríkì, ìlú àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ bírò mọ́ ọn jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìròyìn ìdílé ránṣẹ́ sí wa, ẹ fi fọ́tò kún un, kí ẹ sì to orúkọ láti ọwọ́ òsì. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wà láàyè, kí ó pe onífọ́tò ní oṣù yìí. Ẹ má jẹ́ kí ó di ìgbà ìsìnkú.