ÒRÙLÉ ONÍPÁÀNÙ ÀTI ÒRÙLÉ ỌLỌ́DÀ: ÀGBÉYẸ̀WÒ OHUN TÍ Ó YẸ ILÉ ẸBÍ NÍ APỌ́NGBỌ̀N

1.0 Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìbéèrè kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin ọmọ ẹbí ní Erékùṣù Èkó: bí òrùlé ilé ẹbí bá ti jẹrà, kí ni ó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Àwọn tí ń gbé inú ilé náà sábà máa ń sọ pé páànù ni. Àwọn ọmọ ilé tí ó wà ní Amẹ́ríkà, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni owó yóò ti wá, lè sọ pé irú pẹlẹbẹ ọlọ́dà tí ó wà lórí ilé tí àwọn ń gbé lọ́hùn-ún ni ó dára jù, nítorí pé ó lẹ́wà, òjò kì í sì í pariwo lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Bí òrùlé bá ń jò, ògiri ni omi ń bà jẹ́. Bí ògiri bá sì wó, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Nínú iṣẹ́ yìí, òrùlé onípáànù ni èyí tí wọ́n fi irin tí a ti fi sínkì bò tàbí alumíníọ̀mù kàn. Òrùlé ọlọ́dà ni èyí tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe, yálà ó jẹ́ pẹlẹbẹ kéékèèké tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní shingle, tàbí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ́ bí ẹní sórí òrùlé oníkankéré. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ó wà lábẹ́ òrùlé, èyí ni ògiri, igi àti bí òrùlé ti dagun sí, ni ó yẹ kí ó pinnu ohun tí wọn yóò fi bò ó.

2.0 Apọ́ngbọ̀n àti Ìtàn Òrùlé ní Èkó

Apọ́ngbọ̀n wà ní etí ọ̀sà, níbi tí Afárá Èkó ti fẹsẹ̀ kan Erékùṣù Èkó, kò sì jìnnà sí Balógun àti Ìdúmọ̀tà. Ara William McCoskry ni orúkọ àdúgbò náà ti jáde. Oníṣòwò òyìnbó ni, òun sì ni ó ṣe adelé gómìnà lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, èyí ni àwọn ará Èkó fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ayé ìgbà náà, koríko, imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé ni wọ́n fi ń bo ọ̀pọ̀ ilé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń tutù nínú oòrùn, ṣùgbọ́n bí iná bá sọ ní ilé kan, kò sí ohun tí ó dá a dúró kí ó tó dé ilé kejì. Ohun tí ó le ju koríko lọ kò ṣàì sí. Ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó sọ pé ní ayé Ọba Akínṣemọ́yìn, ní ọ̀rúndún 18, àwọn oníṣòwò Pọtogí tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba kó amọ̀ sísun wá láti fi bo Ìga Ìdúngánràn. Àmọ́ ohun ọlá ọba ni èyí, kì í ṣe ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká.

Páànù ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní London fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣẹ́ ní ìgbì-ìgbì. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀nà tí wọ́n fi ń da sínkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Inú páànù ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti pàdé. Ìgbì yẹn ni ó fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní agbára láti gba ara rẹ̀ dúró lórí igi díẹ̀. Sínkì yẹn ni ó sì gba ìjẹ irin jẹ. Nígbà tí ohun tí ó fúyẹ́ báyìí bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, kò pẹ́ tí ó fi gba ipò koríko, ilé onípáànù sì di àmì pé ẹni tí ó kọ́ ọ rí já jẹ.

3.0 Páànù, Iyọ̀ àti Ìpẹtà

Ọ̀tá páànù ní Apọ́ngbọ̀n ni iyọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń ti òkun fẹ́ wá sórí Erékùṣù Èkó máa ń gbé iyọ̀ lọ́wọ́. Bí iyọ̀ àti ìrì bá pàdé lórí páànù, díẹ̀díẹ̀ ni sínkì yóò máa jẹ tán. Níwọ̀n ìgbà tí sínkì bá ṣì wà, irin kò ní dípẹtà, nítorí pé sínkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ kí ó tó kan irin. Bí ó bá tán, páànù yóò pọ́n, yóò sì lu níkẹyìn. Ìdí nìyí tí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí owó rẹ̀ kéré kì í fi í pẹ́ ní etí òkun bí ó ti ń pẹ́ ní ìlú òkè.

Alumíníọ̀mù yàtọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ tín-ín-rín kan máa ń bo ojú rẹ̀, awọ náà ni kì í sì í jẹ́ kí ó jẹ wọ inú. Síbẹ̀, nǹkan méjì wà tí ó lè tètè bà á jẹ́. Èkíní ni ìṣó irin lásán: níbi tí irin àti alumíníọ̀mù bá ti fara kanra nínú omi iyọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ, ihò ìṣó yóò sì máa fẹ̀ sí i. Èkejì ni sìmẹ́ǹtì tútù: bí bíríkìlà bá fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí páànù ti wọ inú ògiri, ó lè jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ìṣó tí ó bá a mu, tí ó ní rọ́bà lábẹ́ orí, ṣe pàtàkì bí páànù fúnra rẹ̀.

Bí páànù bá ti nípọn sí tún jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Wọ́n ń ta alumíníọ̀mù tí ó nípọn tó mìlímítà 0.45, 0.55 àti 0.7, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n kí ó tó sanwó lè ra èyí tí ó fẹ́lẹ́ ní iye owó èyí tí ó nípọn.

4.0 Ọ̀dà

Ọ̀dà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà nínú ilẹ̀ ní Agbábù, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè náà ní nǹkan bí ọdún 1908. Lílò rẹ̀ fún òrùlé ilé gbígbé ni ó jẹ́ àṣà ibòmíràn. Ní Grand Rapids, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni Henry Reynolds ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun ìbolé ọlọ́dà sí pẹlẹbẹ kéékèèké ní ọdún 1903. Ó tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí pé igi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, wọ́n sì ti máa ń tẹ́ pákó bo gbogbo òrùlé tẹ́lẹ̀. Orí pákó yẹn ni wọ́n ń kan ọlọ́dà mọ́.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí. Páànù lè dúró lórí igi tí ó jìnnà síra, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ ọlọ́dà kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní pákó tàbí pílíwúùdù tí ó bo gbogbo ojú òrùlé lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òrùlé náà gbọ́dọ̀ dagun dáadáa. Bí ó bá ga ní mítà kan, kò yẹ kí ó nà ju mítà 6 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò gba abẹ́ pẹlẹbẹ wọlé. Ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun ní Èkó ni wọ́n fi ògiri bo òrùlé wọn lójú, tí òrùlé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Pẹlẹbẹ ọlọ́dà kò yẹ orí irú ilé bẹ́ẹ̀ rárá.

Oòrùn pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ooru máa ń gbẹ òróró inú ọ̀dà, ọ̀dà yóò le, yóò sán, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó bo ojú rẹ̀ yóò sì máa já bọ́. Ọ̀rinrin sì máa ń hu ewédò dúdú lé e lórí.

5.0 Ìfiwéra

5.1 Ìwúwo

Bí òrùlé kan bá tó 100 mítà onígun mẹ́rin, alumíníọ̀mù 0.55 tí yóò bò ó kò wúwo ju nǹkan bí kílò 150 lọ, láì ka ìgbì rẹ̀ àti ibi tí ó ti gun ara rẹ̀. Irin tí ó nípọn tó mìlímítà 0.5 yóò tó nǹkan bí kílò 390. Pẹlẹbẹ ọlọ́dà máa ń wúwo tó kílò 10 sí 15 ní mítà onígun mẹ́rin kan, pílíwúùdù mìlímítà 12 tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ sì tó nǹkan bí kílò 7. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 1,700 sí 2,200. Ògiri tuntun lè gbé èyí láìsí wàhálà. Ògiri àtijọ́ tí òjò ti ń rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí igi orí rẹ̀ sì ti jẹrà, lè má lè gbé e.

5.2 Iná

Iná kò tíì kúrò nínú ìtàn àdúgbò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, iná jó ilé gogoro ní ọjà Balógun. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná tí ó jó ọjà abẹ́ afárá ní Apọ́ngbọ̀n ba Afárá Èkó fúnra rẹ̀ jẹ́. Páànù kì í gbiná. Pẹlẹbẹ ọlọ́dà tí wọ́n fi okùn gíláàsì ṣe inú rẹ̀ lè kojú ẹ̀ta iná tí ó bá bà lé e, ṣùgbọ́n bí iná bá ti abẹ́ mú pákó, ọ̀dà yóò di epo fún un. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú lé páànù pátápátá: ní ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni alumíníọ̀mù ti ń yọ́, igi tí ó gbé e dúró yóò sì ti jó kí ó tó dé ibẹ̀.

5.3 Ooru àti Ariwo

Níhìn-ín ni ọlọ́dà ti borí. Pákó abẹ́ rẹ̀ máa ń pa ariwo òjò, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè wọlé. Àmọ́ àjà tí ó dára àti àyè tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá láàrin àjà àti páànù lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, láì fi ẹrù kún ògiri. Àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ tí òrùlé wọn ga ti fi èyí hàn.

6.0 Ẹbí àti Òrùlé

Nínú àṣà Yorùbá, ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọmọ ẹbí tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún òrùlé ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di onílé. Nítorí náà ni àtúnṣe fi máa ń falẹ̀: àwọn tí ó wà nílé ń retí àwọn tí ó wà lókèèrè, àwọn tí ó wà lókèèrè sì ń retí kí ọ̀rọ̀ kò. Òjò kò retí ẹnìkan. Ẹni eji rí ni eji ń pa.

Ohun tí ó lè ti ẹ̀yìn irú ìfàfalẹ̀ bẹ́ẹ̀ yọ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí àjọ LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Erékùṣù Èkó ní ọdún 1955, àìdára àwọn ilé náà wà lára ìdí tí ìjọba sọ, ọ̀pọ̀ ẹbí sì ṣí lọ sí Sùúrùlérè. Ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855 sí Tinúubú, di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ilé tí ó bá ti gbó lójú kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n wó o. Bí ẹbí bá na gbogbo owó tí wọ́n dá sórí pákó àti ọ̀dà, tí owó sì tán kí wọ́n tó pààrọ̀ igi tí ó ti jẹrà, òrùlé tuntun lórí igi òkú ni wọ́n ní.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé ohun méjèèjì ni ó ní ibi tí ó yẹ ẹ́. Lórí ilé gogoro oníkankéré tí òrùlé rẹ̀ tẹ́jú, bí irú èyí tí ó wà ní Marina àti Broad Street, ọ̀dà títẹ́ ni ó bá a mu. Lórí ilé ẹbí tí igi gbé òrùlé rẹ̀ dúró, tí ògiri rẹ̀ ti dàgbà, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń fẹ́ sí, alumíníọ̀mù tí ó nípọn dáadáa, pẹ̀lú ìṣó tí ó bá a mu àti àjà tí ó dára, ni ó tọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà ọlọ́dà ni àwọn ọmọ ẹbí ń fẹ́, páànù tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú rẹ̀ wà lọ́jà, kò sì nílò pákó bíi ti ọlọ́dà. Àmọ́ irin ni ó wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé e ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú kí iyọ̀ má baà wọ ibẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó yẹ kí káfíńtà gun òkè àjà lọ yẹ igi wò kí ẹbí tó jókòó sọ̀rọ̀ owó. Èsì tí ó bá mú bọ̀ ni ó yẹ kí àwọn ará ilé àti àwọn ará òkèèrè fi parí àríyànjiyàn wọn.