Oníbodè Orí Sáfà: Ìdí Tí Dátábéèsì Fi Ń Dá Olùlò Padà

Ní 350 East Cermak Road, ní ìlú Chicago, ilé ràgàjì kan wà tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé R. R. Donnelley kọ́ láàárín 1912 sí 1929. Lónìí, dípò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, sáfà ni ó kún inú rẹ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí a kì í pa tọ̀sán-tòru, tí wọ́n sì ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Lórí irú sáfà bẹ́ẹ̀ ni dátábéèsì máa ń wà, èyí tí í ṣe àkójọ àkọsílẹ̀ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, bí owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí orúkọ aláìsàn, àwọn tí ń lò ó kì í sì í sábà dé ibẹ̀, nítorí pé láti ilé wọn ní àdúgbò Rogers Park, tàbí láti Ìbàdàn pàápàá, ni wọ́n ti ń kàn sí i.

Láyé àtijọ́, oníbodè ìlú kì í béèrè orúkọ àlejò nìkan, a máa bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni MySQL, sọ́fítíwià dátábéèsì tí ó jáde ní 1995 tí ó sì gbilẹ̀ káàkiri ayé, ṣe ń ṣe: orúkọ kan náà tí ó wá láti ibi méjì, ènìyàn méjì ni lójú rẹ̀. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ localhost, tí ó túmọ̀ sí orí sáfà náà fúnra rẹ̀, lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí a sì dá a padà nígbà tí ó bá wá láti òde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà, tí wọn yóò máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nọ́ńbà tí ó bá ìkọ̀sílẹ̀ náà wá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Bí ó bá jẹ́ 2003, olùlò kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníbodè rárá: ó lè jẹ́ pé MySQL kò ṣiṣẹ́, tàbí pé a ti pàṣẹ fún un nínú ìlà bind-address pé kí ó máa gbọ́ ti 127.0.0.1 nìkan, èyí tí í ṣe àdírẹ́sì sáfà sí ara rẹ̀, tàbí pé ògiri ààbò ti dí ẹnu-ọ̀nà 3306 tí MySQL ń lò. Bí ó bá jẹ́ 1130, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan tí a gbà láàyè láti àdírẹ́sì náà. Nọ́ńbà 1045 ni ó gba sùúrù jù, nítorí pé orúkọ, ibi tí olùlò ti wá tàbí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni kò bára mu. Síbẹ̀, ó ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tí sáfà rí jáde, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ kà wọ́n, nítorí pé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ilé ènìyàn lè yí padà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní ti 1044, olùlò ti wọlé, ṣùgbọ́n a kò fún un ní àṣẹ lórí dátábéèsì tí ó fẹ́ lò.

Ẹni tí ó ti rẹ̀ máa ń fẹ́ fi àmì % rọ́pò àdírẹ́sì, èyí tí ó túmọ̀ sí ibikíbi, kí ó sì ṣí ẹnu-ọ̀nà náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àṣìṣe tí ó burú ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà UpGuard ṣàwárí pé Election Systems & Software, tí ń bá ìgbìmọ̀ ìdìbò Chicago ṣiṣẹ́ nígbà náà, fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò tí ó tó mílíọ̀nù 1.8 sí ibi ìpamọ́ kan ní Amazon tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láìní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tòun ti àdírẹ́sì ilé àti ọjọ́ ìbí wọn. Kì í ṣe MySQL ni ó fà á, ṣùgbọ́n ẹnubodè tí kò ní oníbodè ni, àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ orúkọ olùlò mọ́ àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an, kí a sì fún un ní àṣẹ lórí dátábéèsì tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn nìkan. Fún ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ọ̀nà tí SSH, ètò ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè, là sàn jù: yóò kọ́kọ́ wọ orí sáfà láti ẹnu-ọ̀nà 22 pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti dé ọ̀dọ̀ MySQL, tí oníbodè yóò fi rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wá láti inú ilé, tí ẹnu-ọ̀nà 3306 yóò sì wà ní títì sí ayé.