Owó ìtanràn eré àsápajúdé: Àpò ta ni yóò ti jáde, ọlọ́kọ̀ àbí dẹ́rẹ́bà?

Ẹni tó bá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ yóò rí i pé kì í ṣe ojú títì márosẹ̀ nìkan làwọn awakọ̀ ti ń sá eré àsápajúdé. Láàárín àdúgbò, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń sọdá, tí àwọn oníbàárà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì akérò àti ọkọ̀ akọ́jà ti ń já bí ìbọn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kí ìjọba fi kún owó ìtanràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan oníṣòwò tó ní ọkọ̀, nítorí àpò rẹ̀ ni owó náà sábà máa ń ti jáde.

Òfin tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, gbé jáde lọ́dún 2012 sọ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, takisí àti bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú. Ti tírélà àti tánkà jẹ́ 45. ₦3,000 ni owó ìtanràn tí wọ́n kọ sí i fún ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ 3 lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ owó dúró sójú kan, ọjà ò dúró. Lọ́dún 2012, nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan jẹ́ ₦97, ₦3,000 ń ra nǹkan bíi lítà 31. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, tí lítà kan ti lé ní ₦1,000, owó kan náà kò ra tó lítà 3. Ìyẹn ni pé ìtanràn náà ti rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dín in kù.

Síbẹ̀, fífi kún owó nìkan kò tó. Ojú títì ńláńlá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ sábà máa ń dúró sí, kì í ṣe òpópónà ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní mú òun, kí ló kàn án bí ìtanràn bá di ₦50,000? Ó tún lè mú kí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wọ́n sí i. Abájọ tó fi jẹ́ pé bọ́ǹpù ni àwọn ará àdúgbò ń fọwọ́ ara wọn ṣe.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kámẹ́rà ló ń mú awakọ̀. Ìtanràn tó kéré jù, tó jẹ́ £60, di £100 lọ́dún 2013. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017, ẹni tó bá sá máìlì 51 níbi tí wọ́n ti ní kó má ju 30 lọ, owó tó ń wọlé fún un ní ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni adájọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè ju £1,000 lọ. Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ni ọkọ̀, lẹ́tà á bá wọn láàárín ọjọ́ 14, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dárúkọ dẹ́rẹ́bà láàárín ọjọ́ 28. Kò sí pé "ọ̀gá, ẹ bá mi san án" níbẹ̀.

Kí ni eré náà tiẹ̀ ń mú wọlé? Ní òpópónà tó gùn tó kìlómítà kan, ẹni tó sá 50 máa lo ìṣẹ́jú àáyá 72. Ẹni tó sá 80 máa lo 45. Nítorí ìṣẹ́jú àáyá 27 ni wọ́n ṣe ń fẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ méjì tí wọ́n ṣí níbi tí wọ́n ti ń já ọjà ti tó láti gbé e dànù. Owó tí dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ ló sábà máa ń lé e.

Ọ̀gá lè bá dẹ́rẹ́bà san owó, kò lè bá a gba àmì ẹ̀ṣẹ̀. Bí àmì náà bá pé 15, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tó bá di 21, wọ́n lè gbà á pátápátá, ọkọ̀ á sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò wà á. Nítorí náà, ó dára kí ọlọ́kọ̀ ti bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́ pé ta ni yóò san ìtanràn. Báńkì ni wọ́n sì ti ń san owó FRSC, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí kò bá gbà pé òun jẹ̀bi lè lọ rojọ́ nílé ẹjọ́.