Orúkọ tí ìyàwó ilé sọ wá: ẹ má jẹ́ kí ó bá àwọn àgbà wọlẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tí a gbà lọ́jọ́ ìkómọ nìkan ni ilé fi ń pe ọmọ. Òmíràn wà tí ará ìta kò lè mọ̀, àwọn ìyàwó ilé ló sì ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ewé yìí mọ̀ pé láyé àtijọ́, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó, ọkọ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ìyàwó fi máa ń fara balẹ̀ wo oníkálukú kí ó tó fún un lórúkọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dúdú tí ó ń dán a di Adúmáadán, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun a di Eyínfúnjowó, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ a di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé a sì di Akọ̀wé.

Ẹnu àwọn ìyàwó yìí kan náà ni oríkì ilé wà. Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó gbé ní Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Ṣáájú rẹ̀, ní 1967, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó ilé yín sọ bàbá yín kò sí nínú ìwé kankan.

Ohun tí ojú mi rí ló mú mi sọ èyí. Níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, onílù tí a pè ń lu oríkì ilé mìíràn. Àwa ọmọ ń jó, a ń náwó, a kò mọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, ìyàwó ilé tó kẹ́yìn, tí kò lè dìde mọ́, ló ránṣẹ́ láti yàrá pé kí wọ́n dákẹ́, pé Akọ̀wé òun kọ́ ni wọ́n ń kì yẹn.

Akọ̀wé kẹ̀? Àgbẹ̀ ni bàbá náà títí ó fi kú! Ìyá ní nígbà tí wọ́n gbé òun wọlé, ilé ìwé ni ó ń lọ, ìwé kìíní ló sì wà. Ọdún yẹn ni bàbá rẹ̀ kú, ni wọ́n bá mú un lọ sóko. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ pé ó fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí, bẹ́ẹ̀ ó tọ́ gbogbo wọn dé yunifásítì. Àkọ́bí rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má dúró kí wọ́n tó bi yín. Ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ sọ orúkọ tí ẹ fi ń pe oníkálukú àti ohun tó fà á. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rọ alágbèéká tó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn sílẹ̀. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, a bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rọ́ ọ bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá ti lọ?