Wọ́n ń sanwó sùn nílé àtijọ́ lókè òkun, àwa ń wó tiwa n’Ímọ̀tà

Bẹ́ ẹ bá ń ti Ìkòròdú bọ̀, tẹ́ ẹ gba ọ̀nà Ìtóìkín tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, tẹ́ ẹ wá yà wọ Ìmọ̀tà, kò ní í pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa rí irú ilé tí mo fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni. Páànù orí ẹ̀ ti dógùn-ún, fèrèsé ẹ̀ jẹ́ onípákó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ-ọmọ wà ní Mushin, ní Agége, àwọn kan wà ní London. Ìyá àgbà kan àti ayálégbé méjì ló kù síbẹ̀.

Ilé ìṣẹ́ ìrẹsì tíjọba Èkó kọ́ sí Ìmọ̀tà ti yí ojú táwọn èèyàn fi ń wo ilẹ̀ níbẹ̀ padà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Muhammadu Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, ṣí i, wọ́n sì kọ́ ọ débi pé ó lè ṣe tọ́ọ̀nù ìrẹsì 32 ní wákàtí kan. Nípàdé ẹbí báyìí, bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, ọ̀rọ̀ kejì ni pé, “Ilé yẹn ńkọ́? Ṣé ká wó o, ká ta ilẹ̀ ẹ̀, ká pín in?”

Bẹ́ẹ̀, lókè òkun lọ́hùn-ún, irú ilé bàbá bẹ́ẹ̀ làwọn kan fi ń jẹun. Bed and Breakfast ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀. Kì í ṣe ọ̀tẹ́ẹ̀lì o. Ẹni tó nilé ló ń gbé inú ẹ̀. Yàrá tó ṣófo, bóyá méjì, bóyá mẹ́fà, ni wọ́n tún ṣe, wọ́n tẹ́ ibùsùn síbẹ̀. Àlejò á sanwó, á sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, wọn á fún un ní ẹyin díńdín, sọ́séèjì, ẹ̀wà inú agolo, búrẹ́dì yíyan àti tíì. Owó kan náà ló san fún gbogbo ẹ̀. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, kó kó ẹrù ẹ̀, kó máa lọ.

Èyí táwọn èèyàn fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ilé àtijọ́ tó wà ní ìgbèríko, ilé tí ìdílé kan ti ń gbé láti igba ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwòrán àwọn baba ńlá wọn ṣì wà lára ògiri. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ kóra jọ ní England lọ́dún 1981, wọ́n pe ara wọn ní Wolsey Lodges. Nílé tiwọn, onílé àti àlejò lè jókòó ti tábìlì kan náà jẹun alẹ́, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bíi mọ̀lẹ́bí. Àlejò sanwó, onílé tún ń bù ú lọ́bẹ̀ fúnra ẹ̀. Èmi mọ àwọn àgbà kan nílẹ̀ wa tí wọn ò ní í gbà pé kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn jẹun.

Kẹ́ ẹ má rò pé ìfẹ́ àlejò ló sún àwọn òyìnbó dé bẹ̀. Ìyà ni. Lọ́dún 1894 nìjọba wọn gbé owó orí kan jáde lórí dúkìá òkú. Bí bàbá bá kú, ìjọba á kọ́kọ́ gba tiẹ̀ kọ́mọ tó jogún. Nígbà tó fi máa di 1949, owó ọ̀hún ti dé 80 nínú 100 fáwọn tó lówó jù. Ogun àgbáyé méjèèjì sì ti kó àwọn ìránṣẹ́ wọn lọ. Ilé tó ní ọgọ́rùn-ún yàrá, ta ló máa gbá a? Ta ló máa dáná ẹ̀? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wó o nìyẹn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wó palẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler. Lọ́dún 1974, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London pàtẹ àwòrán àwọn èyí tó ti lọ, ẹnu sì ya ará ìlú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òyìnbó kì í wó ilé bàbá ẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Àwọn tí kò fẹ́ẹ́ wó tiwọn ló wá bí ilé ṣe máa bọ́ ara ẹ̀. Longleat, tó wà ní Wiltshire, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn. Sir John Thynn ló kọ́ ọ, nǹkan bí ọdún 1580 ni wọ́n sì parí ẹ̀. Lọ́dún 1949, olówó ilé náà ní kí ará ìlú máa sanwó wá wò ó, torí owó orí òkú tó já lé e lórí. Lọ́dún 1966, wọ́n kó kìnnìún wọ inú ọgbà ibẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ ìyàwó ilé níbẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ọmọ bàbá Nàìjíríà ni! Emma Thynn lorúkọ ẹ̀, Ladi Jadesimi, alága ilé iṣẹ́ LADOL l’Ékòó, ló bí i, ìyá ẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó. Ọdún 2013 ló fẹ́ ọmọ ilé náà. Nígbà tí bàbá ọkọ ẹ̀ kú ní 2020, ló bá di Marchioness of Bath, oyè táwa máa pè ní olorì níbí.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Ní Marrakech, nílẹ̀ Morocco, ilé àtijọ́ tí wọ́n fi yàrá yí àgbàlá ká, bí agbo ilé tiwa gan-an, ni wọ́n ń pè ní ríádì, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti di ibi tí àlejò ń sùn. Ní Saint-Louis, ní Senegal, Hôtel de la Poste ṣì wà níbẹ̀, níbi tí Jean Mermoz, awakọ̀ òfúrufú ọmọ ilẹ̀ Faransé, máa ń dé sí kó tó fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Brazil lọ́dún 1930. Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè yàrá tó sùn.

Ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n ń gbà láyè láti sùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ ká fò ó. Nínú Èkó wa níbí, lóṣù kejì ọdún 1947, Bristol Hotel kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá nítorí àwọ̀ ara ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Cummings o, London ni wọ́n ti rán an wá, ọmọ Sierra Leone sì ni bàbá ẹ̀. Èkó gbóná lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Àwọn oníwèé ìròyìn pariwo, títí tí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Àwọn ilé ńlá ìgbèríko England ńkọ́? Lọ́dún 2020, National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú irú ilé wọ̀nyí, gbé ìwé kan jáde pé 93 nínú àwọn ibi tó wà lábẹ́ wọn ló ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú òwò ẹrú tàbí ìjọba amúnisìn. Kẹ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọba Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò l’Ékòó nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn wó ìlú lóṣù Kejìlá 1851, tó wá tẹ̀dó s’Ẹ́pẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, òun náà ṣòwò ẹrú. Tá a bá máa sọ ìtàn fún àlejò, ká sọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ṣé irú nǹkan yìí lè ṣeé ṣe n’Ímọ̀tà tàbí n’Íkòròdú tàbí n’Ẹ́pẹ̀ẹ́?

Orúkọ ló máa kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹ dé ìgboro lónìí, kẹ́ ẹ ní ilé bàbá yín ti di gẹ́sítì háúsì, ohun tó máa wá sọ́kàn àwọn èèyàn ni “ṣọ́ọ̀tì táìmù”. Àwọn ọmọbìnrin ilé á fárí gá. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ sọ ilé bàbá àwọn di ilé aṣẹ́wó. Ẹ̀rù wọn kò sì burú, gbogbo wa la mọ ohun tó ń lọ lójú pópó.

Òkú tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa, bàbá wà nílẹ̀ pálọ̀, ìyá wà nínú yàrá. Ṣé orí sàréè bàbá yín lẹ fẹ́ẹ́ tẹ́ ibùsùn fún àjèjì? Èmi rò pé ọgbọ́n wà tá a lè dá sí i: kẹ́ ẹ ti yàrá yẹn pa, kẹ́ ẹ fi pálọ̀ sílẹ̀ fún ẹbí, kí àlejò máa sùn nínú àwọn yàrá tó kù. Àwọn kan kò ní í gbà, èyí sì yé mi. Orò náà ń bẹ. N’Íkòròdú, ọjọ́ tí Orò bá jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ sí níta. Bí àlejò obìnrin bá ti sanwó yàrá, tí kò mọ̀, ta ló máa sọ fún un kó tó ti Ìkẹjà gbéra? Onílé ni.

Èyí tó le jù ni pé ta ni onílé? Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Kóòtù Èkó ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, lórí ilé olóyè Mabinuori tó kú lọ́dún 1874. Ọ̀kan lára ohun táwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí nínú ẹ̀ ni pé ọmọbìnrin náà lè jẹ́ olórí ẹbí. Títí dòní, bí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí láìgba àṣẹ àwọn ọmọ tó jẹ́ àgbà nílé, wọ́n lè lọ sí kóòtù láti yí i padà. Bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá tà á, asán ni. Ọ̀rọ̀ àlejò tó ń sanwó sì rèé, owó ojoojúmọ́ ni. Ta ló máa di owó mú? Àbúrò tó wà nílé tó ń gbá a, àbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tó fi owó ránṣẹ́ ra páànù tuntun? Tẹ́ ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà, kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìwé ìjọba nìkan kì í gba ilé là. Ilojo Bar tó wà ní Tinubu Square, l’Ékòó, ilé táwọn tó ti Brazil dé kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà láti 1956. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Sunday, wọ́n wó o. Kátapílà kì í ka ìwé.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Ẹ̀pẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò ṣáájú Ìmọ̀tà. Ọdún Káyọ̀káyọ̀, tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí dídé Kòsọ́kọ́, máa ń kó àwọn ọmọ ìlú wálé lẹ́yìn Iléyá. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ máa gbà pé kí wọ́n sanwó sùn nílé tó mọ́, tí omi ń yọ nínú ẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kò fi ariwo pa wọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá din sọ́séèjì. Ẹ bu ẹ̀kọ àti àkàrà fún wọn, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ọjà ẹja Olúwo kẹ́ ẹ ra ẹja tútù. Yàrá méjì ti tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rántí pé Kóòtù tó ga jù lọ ti sọ ọ́ lọ́dún 2013 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀tẹ́ẹ̀lì àti ibi táwọn àlejò ń dé sí. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó lẹ máa gba láísẹ́ǹsì lọ.

Ìyá àgbà tó wà nínú ilé Ìmọ̀tà yẹn kọ́ ló máa fọ aṣọ ibùsùn lójoojúmọ́. Kí ẹbí tó pinnu láti wó o tàbí láti máa gba àlejò, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa fọ̀ ọ́, àti iye tí wọ́n máa san fún un.