Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Fífi Ṣájà Ọkọ̀ Oníná Sí Ilé

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ NADDC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ṣí ibùdó kan ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Ṣókótó, níbi tí ọkọ̀ ti lè gba iná láti ara oòrùn. Yunifásítì Èkó náà rí tirẹ̀ gbà. Síbẹ̀, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n lójú pópó wa. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ilé rẹ̀ gan-an ni ilé epo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa mu àmuyó kó tó jáde láàárọ̀.

Iye tí wọ́n ń ta àpótí ara ògiri, ìyẹn ṣájà ilé, ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àpótí yẹn ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ owó, òun náà ló sì lè jó ilé: mítà, wáyà, bíríkà, àti irin tó wọ inú ilẹ̀.

Iṣẹ́ tí àpótí náà ń ṣe

Bátìrì kì í gba irú iná tó ń bọ̀ láti orí òpó. Iná orí òpó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná bátìrì ń gbà. Ẹ̀rọ tó ń sọ èyí di ìyẹn wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà lásán ni àpótí ara ògiri. Ó máa ń wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ pé, á sọ iye áńpù tí ọkọ̀ lè fà fún un, lẹ́yìn náà ni á tó ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín kò bá lè gbà ju kílówáàtì 7 lọ, òfò ni kí ẹ ra àpótí kílówáàtì 22 fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ gba yúnìtì 60. Láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dé ìdá 80, yúnìtì 36 ni yóò wọ inú rẹ̀. Díẹ̀ á bá ooru lọ lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ ka ohun tí mítà yóò yọ sí 40. Bí àkókò rẹ̀ ṣe rí nìyí:

- Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, áńpù 10 (kílówáàtì 2.3): bíi wákàtí 17 àti ààbọ̀
- Àpótí fésì kan, áńpù 16 (kílówáàtì 3.7): bíi wákàtí 11
- Àpótí fésì kan, áńpù 32 (kílówáàtì 7.4): bíi wákàtí 5 àti ààbọ̀
- Àpótí fésì mẹ́ta, áńpù 16 (kílówáàtì 11), bí ọkọ̀ bá lè gbà á: kò tó wákàtí 4

Ní ti owó, nígbà tí àjọ NERC, tó ń ṣàkóso owó iná, fi owó kún iná Band A, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná tó pẹ́ jù fún, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, N225 ni wọ́n pe yúnìtì kan. Ní iye yẹn, yúnìtì 40 jẹ́ N9,000, ọkọ̀ kékeré sì lè fi rin nǹkan bíi kìlómítà 180 sí 240. Owó yúnìtì ti ń yí padà láti ìgbà náà. Èyí tó wà lórí rìsíìtì yín ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò tiyín.

Mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Wọ́n kọ iye áńpù tí mítà lè gbé sí iwájú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ mítà fésì kan, 60 ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó ń ṣiṣẹ́ nílé kan lálẹ́:

- Ẹ̀rọ amúlétutù méjì, 1.5 hp: áńpù 11
- Ẹ̀rọ omi gbígbóná balùwẹ̀, kílówáàtì 3: áńpù 13
- Áyọ́ọ̀nù: áńpù 5
- Ọkọ̀: áńpù 32

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61. Iná á já, tàbí kí wáyà tó wọlé láti orí òpó máa gbóná lálaalẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Bí wọ́n bá dín àpótí kù sí 16, àròpọ̀ á di 45, ilé á sì sinmi. Àwọn àpótí kan tiẹ̀ wà tó ní ojú tí wọ́n ń fi há wáyà tó ti ọ̀dọ̀ mítà wá. Bí ilé bá ń fa iná púpọ̀, àpótí á dín ti ọkọ̀ kù. Bí ilé bá sùn, á dá a padà. Bí ilé bá tóbi tí mítà ò sì tó, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò yín kí wọ́n bá yín sọ ọ́ di fésì mẹ́ta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀yìn mítà.

Wákàtí iná náà ṣe pàtàkì. Band A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lóòjọ́. Ti Band D jẹ́ 8, ti Band E sì jẹ́ 4. Ẹni tó wà ní Band A lè fi áńpù 16 rọra ṣe é mọ́jú. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó lọ ló nílò 32, bí mítà àti wáyà bá lè gbé e, kó lè gbà kíákíá kí wọ́n tó mú iná. Bí fóòtì bá sì já wálẹ̀ láti 230 sí 180, kílówáàtì 7.4 ò ju 5.8 lọ mọ́.

Ẹnu ọkọ̀ àti ẹnu okùn

Ẹnu gbogbo ọkọ̀ kò rí bákan náà. Èyí tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń lo Type 2. Tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń lo Type 1, àyàfi Tesla tó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà ń lo GB/T. GB/T àti Type 2 jọra lójú bí ìbejì, ṣùgbọ́n akọ àti abo wọn yí padà, wọn ò lè wọ ara wọn. Ẹ ya fọ́tò ẹnu ọkọ̀ yín, kí ẹ fi han oníṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó àpótí.

Ẹni tó gba ọkọ̀ láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ka ara okùn tó bá a wá dáadáa. Bí ó bá jẹ́ fóòtì 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má ṣe kì í bọ iná tiwa tó jẹ́ 230. Ìgbà kan péré ni yóò lò.

Wáyà àti bíríkà

Kẹ́tùlù ń fa iná púpọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti parí. Ọkọ̀ á fa tirẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà láìsinmi. Ibi tí wọn ò ti de ìdè wáyà le dáadáa, tó ti ń fara da kẹ́tùlù láti ọdún mẹ́wàá, lè yọ́ láàárín alẹ́ kan. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti àpótí bíríkà, tí ohun mìíràn kò sì gbọdọ̀ pín in pẹ̀lú rẹ̀. Fún áńpù 32, mílímítà 6 ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí ọ̀nà bá jìn, ó di 10. Kọ́pà gidi ni kó jẹ́, pẹ̀lú MANCAP, àmì ojúlówó ti àjọ SON, lára rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é nílẹ̀ wa.

Bíríkà lásán ò tó. Ó yẹ kí RCD wà níbẹ̀, ìyẹn bíríkà tó ń ṣọ́ iná tó ń jò, tó sì ń já kí ó tó pa èèyàn. Èyí tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní AC. Iná ọ̀nà kan tó bá jò láti inú ọkọ̀ lè fọ́ ọ lójú, kó má já mọ́. Irú A tó ní olùṣọ́ mílíáńpù 6, tàbí irú B, ni kí ẹ béèrè. Nínú àwọn àpótí kan, olùṣọ́ náà ti wà níbẹ̀. Ìwé tó bá àpótí wá á sọ ọ́.

Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́

Orí táyà mẹ́rin ni ọkọ̀ dúró sí. Bí iná bá ṣèèṣì bọ́ sí ara irin rẹ̀, kò rí ọ̀nà lọ sílẹ̀, títí ẹnì kan tó dúró lórí ilẹ̀ tútù yóò fi fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ló ń fún iná náà ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé wa ní irin ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rì láti ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé, tí kò sẹ́ni tó tún wọ̀n ọ́n wò. Irin ti dípẹtà, ìdè rẹ̀ ti já.

Bí ẹ́ẹ̀tì bá burú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba iná rárá. Àwọn kan á ní ṣájà ló bàjẹ́. Ilẹ̀ ló ń pariwo.

Jẹnẹrétọ̀ àti inverter

Inverter 5 kVA kò lè gbé kílówáàtì 7.4, jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ò sì lè gbé e. Kí oníṣẹ́ mú wáyà ọkọ̀ láti apá NEPA kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń yí iná, kí ọkọ̀ má bàa gun orí inverter nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é ní dandan gbọ́dọ̀ dín àpótí kù sí iye tí jẹnẹrétọ̀ lè gbé, kó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ so ẹ́ẹ̀tì jẹnẹrétọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọn ò so mọ́lẹ̀ rárá.

Oníṣẹ́ tí ẹ lè fọkàn tán

Àjọ NEMSA, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò iná àti ìwé ẹ̀rí àwọn oníṣẹ́ iná lé lọ́wọ́. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fetí sí ìbéèrè tí oníṣẹ́ bá bi yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè mítà, tó ṣí àpótí bíríkà, tó wọn ọ̀nà, tó sì gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wá, ni kí ẹ gbà. Ẹni tó bá dárúkọ owó lórí fóònù láìtíì rí ilé, ẹ kí i pé ó ṣeun.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, pípa iná ilé ló yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo. Kí àpótí wà lábẹ́ òjìji, níbi tí okùn ti lè dé ẹnu ọkọ̀ láìgba ojú ọ̀nà kọjá, kó sì ga ju ibi tí omi òjò dé rí ládùúgbò lọ. Kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn, ẹ gba nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ wọn:

1. Ìwé tí wọ́n kọ àbájáde àyẹ̀wò sí: ẹ́ẹ̀tì, ara wáyà, àti bí RCD ṣe yára já tó.
2. Àwòrán ibi tí wáyà gbà.
3. Orúkọ lára bíríkà tuntun náà.
4. Rìsíìtì àti ìwé àtìlẹ́yìn ẹni tó ṣe àpótí.

Kí ọkọ̀ sì gba iná fún wákàtí kan lójú wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, okùn àti ìta àpótí. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ó bá ń jóni lọ́wọ́, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ayálégbé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ onílé lórí ìwé. Níbi tí ẹbí púpọ̀ ti ń lo mítà kan, ẹ fi mítà kékeré sí ọ̀nà wáyà ọkọ̀, kí owó iná má bàa dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín.

Kàlẹ́ńdà ìtọ́jú

- Oṣù Kìíní àti Kejì: Ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gbé iná dáadáa. Àsìkò yìí gan-an ni kí ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá yege nínú ọ̀gbẹlẹ̀ á yege nínú òjò. Ẹ nu eruku kúrò lẹ́nu okùn.
- Oṣù Kẹta àti Kẹrin: Òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú àrá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ adènà àrá nínú àpótí bíríkà, ẹ wo fèrèsé kékeré ara rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àrá bá ń sán, ẹ yọ okùn lára ọkọ̀ kí òjò tó le.
- Oṣù Karùn-ún sí Keje: Ẹ wò ó bóyá omi ń wọ ibi tí wáyà gbà wọ àpótí. Ẹ tẹ bọ́tìnì àyẹ̀wò RCD, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí kò bá já, ẹ má lò ó mọ́.
- Oṣù Kẹjọ: Òjò sinmi díẹ̀. Ẹ ṣe àtúnṣe tó kù kí òjò tó padà.
- Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá: Òjò tún dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu okùn sùn nínú omi. Ẹ gbé e kọ́.
- Oṣù Kọkànlá àti Kejìlá: Kí oníṣẹ́ ṣí àpótí, kó tún gbogbo ìdè wáyà de le, kó sì gbá èèrà àti ọmọńlé jáde.

Bí owó kò bá tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹ ṣe ẹ́ẹ̀tì lóṣù yìí, ẹ fa wáyà lóṣù tó ń bọ̀, kí àpótí gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ lè máa fi áńpù 10 gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí oníṣẹ́ ti yẹ̀ wò títí ọjọ́ náà á fi pé.