Níbo Ni Owó Wa Ti Ń Ṣiṣẹ́?

Ẹni tí ó bá gba Deco Road kọjá ní ìlú Warri yóò rí bí ọkọ̀ àti ọlọ́jà ti pọ̀ tó níbẹ̀. Òwò epo rọ̀bì wà lára ohun tí ó sọ Warri di ìlú ńlá. Ní ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ ìfọpo ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé àti ní òkè òkun fi owó sí òwò epo, wọ́n sì jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò fojú kan oko tí epo dà sí rí.

Àgbẹ̀ ni ó rí i. Ní ọdún 2008, àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin láti Oruma, Goi àti Ikot Ada Udo, ní agbègbè Niger Delta, pe ilé-iṣẹ́ Shell lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Holland nítorí epo tí ó ba oko àti odò ẹja wọn jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹ̀ka Shell ní Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀ràn Oruma àti Goi. Àwọn kan lára àwọn olùpẹ̀jọ́ ti kú nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 15 owó Euro fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láì gbà pé òun jẹ̀bi.

Kí ni ó wá ń mú kí ènìyàn yan òwò tí kò ní pa ọmọnìkejì lára? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta.

Èkíní ni ìgbàgbọ́. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fi Sukuk kó ₦100 bílíọ̀nù jọ láti ṣe títì 25. Mùsùlùmí tí kì í gba èlé rí ọ̀nà láti ran ìlú lọ́wọ́, kí ó sì jèrè.

Èkejì ni ìbẹ̀rù àdánù. Ilé-iṣẹ́ tí ó ba ilẹ̀ jẹ́ lónìí lè san gbèsè rẹ̀ lọ́la, àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ yóò sì bá a san án.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn mọ iṣẹ́ tí owó òun ń ṣe. Ní ìparí ọdún 2017 kan náà, ìjọba yá ₦10.69 bílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún, fún iṣẹ́ bíi iná oòrùn àti igi gbígbìn. Èlé rẹ̀ jẹ́ 13.48 nínú 100 lọ́dún. Inú rere àti èrè rìn pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba orúkọ rere gbọ́ láìwádìí. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá wa ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wa ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín náà ń dókòwò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yá owó láti ra ẹ̀rọ tí yóò fi gé igi etí odò tí gbogbo abúlé ń mu, ó lè san owó náà pé lọ́jọ́ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá omi padà? Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ béèrè pé: Iṣẹ́ wo ni owó yìí fẹ́ ṣe? Ta ni yóò jìyà bí ó bá bàjẹ́? Ta ni yóò lọ fojú rí i, kí ó sì jábọ̀ fún ẹgbẹ́? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè iye èlé.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.